Wọ́n Ti Ta Oríkì Ọmọ Mi

Ojúlé Kẹrìnlá,
Galadimawa,
Àbújá.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹfà, 2025.

Abọ́sẹ̀dé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Jọ́ọ̀sì ńkọ́, ṣé kò tíì gbé yín lọ? Àwa náà wà láàyè, Alihamudulilahi, àmọ́ inú mi kò dùn, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Ṣé o rántí ẹgbẹ́ tí Olúṣèyí tá a jọ kàwé dá sílẹ̀ lórí ayélujára, pé kí oríkì má baà parun lẹ́nu àwọn ọmọ wa? Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ti ọmọ mi síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Olúṣèyí ń bi wá léèrè bí eré: Kí lọmọ rẹ fẹ́ràn láti jẹ? Ìgbà wo ló máa ń ṣagídí? Ta ló máa ń pè é tó fi ń gbọ́? Mo sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí, pé Balkis kì í jẹun alẹ́ àfi bí ìyá mi bá pè é ní Àṣàkẹ́ lórí fóònù láti Ọ̀fà.

Ọ̀rẹ́ mi, àfi bí ìpolówó ọjà ṣe dé sórí fóònù mi lásìkò oúnjẹ alẹ́ gan-an. Ohùn ìyá àgbà kan ni: "Àṣàkẹ́, ọmọ dáadáa, wá mu mílíìkì rẹ." Balkis sáré wá, ó ń pariwo "Ìyá Ọ̀fà!" Bí mo ṣe ń pa ọ̀kan ni òmíràn ń yọjú: bàtà, bisikíìtì, kí ni ò sí níbẹ̀!

Mo lọ ká Olúṣèyí mọ́ Apo níbi tó ti ń tún mọ́tò ṣe. Mo rò pé yóò sẹ́. Ẹ̀rín ló ń rín sí mi. Ó ní, "Kai, Ìyá Balkis! Àwọn oníléeṣẹ́ ò wá fọ́tò, ìṣesí èèyàn ni wọ́n ń rà: ohun tọ́mọ ń jẹ, ìgbà tó ń jẹ ẹ́, orúkọ tó ń tètè dáhùn sí. That one na correct data. Ṣebí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́." Olúṣèyí tó gbé ọmọ yìí jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀! Ó dùn mí wọra. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ní kó gbà á padà, ó ní ohun tóun ti tà ti kúrò lọ́wọ́ òun.

Èyí tó mú mi sunkún jù ni ti àná. Ìyá mi pè, mo gbé fóònù sétí Balkis. Màmá ní, "Àṣàkẹ́ mi o." Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó wojú mi, ó ní, "Màmí, kí ni wọ́n ń tà?" Ìyá mi gbọ́ ọ. Ó ní kí n bá òun kí bàbá Balkis, ó sì gé fóònù.

Jọ̀ọ́, yọ àwọn ọmọ tìrẹ kúrò níbẹ̀ lónìí. Bá mi kí baálé rẹ, bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Bí Olúṣèyí bá pè ọ́, má bá mi kí i.

Èmi ni tìrẹ, tí inú ṣì ń bí,

Misturah.