Ìgò Ìtọ̀ Tí Mo Pa Mọ́ De Ọjọ́ Àyẹ̀wò

Oko wa lẹ́bàá Omifúnfun,
Òdìgbó.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, 1960.

Olúrónkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìbàdàn níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ olùkọ́ ńkọ́? Ọyẹ́ ti mú níbí, ètè gbogbo wa ti là, mo sì mọ̀ pé ti ọ̀dọ̀ yín yóò le ju báyìí lọ, nítorí náà máa fi òróró pa àwọn ọmọ lára. Ọlọ́run tó jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn dé ìparí ọdún tí a gba òmìnira yìí, òun náà ni yóò sìn wá wọ inú èyí tó ń bọ̀, kò ní gbàgbé ẹnì kankan wa sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ kí ọ. Ó jókòó tì mí bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó ń ṣọ́ mi kí n má baà fo ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kòkó ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì. Ọlọ́runyọmí tó ń gé igi gẹdú, ọ̀rẹ́ mi, ti fi páànù bo ilé rẹ̀ ní Omifúnfun, láti ìgbà náà ló sì ti ń gbàdúrà òjò nínú ọyẹ́ kí a lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà mi ló kù. O rántí pé dókítà tí o mú mi lọ bá sọ pé oríṣi méjì ni àìsàn náà, pé ọ̀kan máa ń mú ọmọdé, èkejì ni ti àgbàlagbà, pé èkejì yìí ni tèmi. N kò sọ fún ọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Láti ọdún tí mo ti ń kó kòkó lọ sí Òrè, ẹni tó ń yẹ kòkó wò kò fi tèmi sí ipò kejì rí. Ìyá rẹ ní kí n lọ bẹ dókítà kó tún mi sá sóòrùn.

Ohun tó ń já mi láyà ṣáájú ọdún ni Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé Kérésìmesì. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní kí n wá fún àyẹ̀wò ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Òrè. Bí omi oògùn tí wọ́n ń kán ìtọ̀ sí bá dúró ní búlúù, tàbí tó yí sí àwọ̀ ewé díẹ̀, n ó máa bá oògùn oníhóró mi lọ. Ṣùgbọ́n bó bá pọ́n bí epo, abẹ́rẹ́ ni, ní àràárọ̀. Ta ni yóò máa gún mi nínú oko? A jẹ́ pé n ó fi kòkó sílẹ̀ lórí igi, n ó lọ háyà yàrá ní Òrè, n ó máa jókòó ka mọ́tò tó ń kọjá bí ẹni tí kò níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Kérésìmesì ń bọ̀, ìwọ náà sì mọ ọdún wa. Ilé tí o bá yà sí ni wọn yóò ti gbé oúnjẹ fún ọ, bí o kò bá tọ́ ọ wò, onílé yóò ní ṣé òun ṣẹ̀ ọ́ ni.

Mo mú ìwé oúnjẹ tí o bá mi túmọ̀. Ìwé náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò parí ọ̀rọ̀. Ó ní kí ìrẹsì má ju kọ́ọ̀bù kan lọ. Kọ́ọ̀bù ta ni? Ìyá rẹ mú èyí tó fi ń mu àgbo, èmi mú kọ́ọ̀bù òmìnira tí wọ́n fún Olúbísí àbúrò rẹ ní ilé ìwé, nítorí ìjọba ló ṣe é, kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Ó ní kí ẹran má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò sọ àtẹ́lẹwọ́ ta ni, mo bá ránṣẹ́ pe Ọlọ́runyọmí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Ó tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, a gé ẹran yí i ká. Ó ní kí ìyán má ju ìkúùkù kan lọ. Ibí ni ìyá rẹ ti gbé ìkúùkù tirẹ̀ kalẹ̀, èyí tí kò ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ. Ó ní bí mo bá lè yá ọwọ́ Ọlọ́runyọmí nítorí ẹran, òun náà lè yá mi ní tòun nítorí ìyán. Ọlọ́runyọmí ní ọ̀rọ̀ náà tọ́. N kò mọ ìgbà tó di adájọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo ro ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò náà gan-an, mo sì ṣe é bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ́, yóò yé ọ. Bí a bá ń gbé kòkó lọ fún àyẹ̀wò, a kì í bu èyí tí ọwọ́ bá ṣáà bà. A ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, a ó ṣa èyí tó hu funfun kúrò, a ó ṣa èyí tó fọ́, a ó wá gbé èyí tó dára jù síwájú ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ là á wò. Kì í ṣe èrú, ọ̀wọ̀ ni. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, kí n tó fẹnu kan oúnjẹ ọdún rárá, mo tọ̀ sínú ìgò mẹ́rin ní òwúrọ̀ mẹ́rin. Mo gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀, mo wo àwọ̀ wọn, mo gbọ́ òórùn wọn. Ti Ọjọ́rú ló mọ́ jù. Mo da àwọn tó kù nù, mo dé ti Ọjọ́rú, mo gbé e sí igun yàrá tó tutù, níbi tí a ń kó ìgò omi àdúrà tí a ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì sí. Mo so òwú pupa mọ́ ọrùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi bọ́jú. Ìyá rẹ kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá Olúbísí.

Ọkàn mi wá balẹ̀. Àyẹ̀wò ti wà nínú ìgò, ó ku kí n jẹ ọdún. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò fọkàn tán ìgò náà. Bí a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésìmesì ló tẹ̀lé mi láti ilé dé ilé. Ọlọ́runyọmí fẹ́ gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní rárá, ẹsẹ̀ la ó fi rìn. Ilé mẹ́fà la yà. Bí wọ́n bá ti gbé ìyán kalẹ̀, yóò na ìkúùkù rẹ̀ sókè, òkèlè kan péré ni n ó sì mú nílé náà, nítorí ìkúùkù kan ṣoṣo ló yá mi fún gbogbo ọjọ́. Ọbẹ̀ ewúro ni mo kọ́kọ́ ń lá, ẹran tẹ̀lé e. Ẹnu yà mí, ọmọ mi. Nígbà tí mo ń jẹ àjẹyó, n kò mọ̀ pé ìyán ilé kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìyàwó Ọlọ́runyọmí ló mọ ọbẹ̀ sè jù ní gbogbo agbègbè yìí, ó sì ti tó ogún ọdún tí mo ti ń jẹun níbẹ̀.

Wọ́n gbé mínírà wá, a ní rárá. Tíì ni mo gbà, mo sì ju ọ̀kan sínú rẹ̀ nínú àwọn hóró kéékèèké tí o fi ránṣẹ́, èyí tó ń dùn tí kì í ṣe ṣúgà. Ọlọ́runyọmí bi mí bóyá wòlíì wa ló fún mi. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní kí o fi tòun ránṣẹ́, òun fẹ́ fi sí ògì.

Ọjọ́bọ̀ pé. Mo wọ aṣọ funfun mi, èmi àti ìyá rẹ gbé ìgò lọ sí Òrè. Nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Límátù, kò lè jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Ó ṣí ìgò náà. Olúrónkẹ́, gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló dìde. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo tọ̀ ọ́. Mo sọ òtítọ́, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹní àti ṣíṣà fún un. Ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ìmúra mi ló pa á lẹ́kún. Nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ní bàbá, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ ra ìtọ̀ lọ́wọ́ yín. Ó ní èmi gan-an ni kòkó, ìtọ̀ kàn jẹ́ ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń là mí wò ni, èyí tí mo sì gbé wá yìí, ọ̀bẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Ó na kọ́ọ̀bù sí mi, ó ní kí n lọ tọ ti òní.

Mo gba kọ́ọ̀bù náà. Ilé mẹ́fà ń yí lójú mi. Mo pẹ́ lẹ́yìn ilé kí ìtọ̀ tó wá.

Ó da omi búlúù sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó kán ìtọ̀ mi sí i lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó gbé e sórí iná. Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ Sáàmù. Omi náà hó. Búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó ń yí, ó ń yí, ó di bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, mo ń sọ nínú mi pé dúró, dúró níbẹ̀, má lọ mọ́. Nọ́ọ̀sì gbé e kúrò lórí iná, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ náà dúró.

Ó ní kò sí abẹ́rẹ́. Ó ní kí n sọ ohun tí mo jẹ lọ́dún, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ó ní kí ìyá rẹ jẹ́ kí òun rí ìkúùkù náà. Ìyá rẹ nà án sókè, nọ́ọ̀sì sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ láì jẹ́ kó tú u. Ó ní ìkúùkù náà àti ẹsẹ̀ tí mo fi rìn ló gbà mí, kì í ṣe Ọjọ́rú. Ó ní kì í ṣe pé mo ti gbádùn, kí n má pa hóró oògùn kankan jẹ, kí n má sì fi ebi lọ sí ìṣọ́ òru ọdún tuntun, nítorí oògùn náà kì í bá ikùn òfìfo ṣeré.

Ó wo ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú, ó rí ibi tí ẹ̀gún gún mi sí. Ó ní ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ wọ oko láìwọ bàtà, nítorí egbò rẹ̀ kì í tètè jinná. Nítorí náà jọ̀ọ́, fi owó bàtà rọ́bà ránṣẹ́. Bí owó kò bá tó, ra ti òsì ná, nítorí ti òsì ni ẹ̀gún gún.

Kò ní rẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Ohun tí o fi ń tọ́jú wa, ìlọ́po rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ yóò fi tọ́jú rẹ. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá dédé na kọ́ọ̀bù sí ọ pé ti òní lòun fẹ́, kí ó bá ọ ní búlúù. Bí kò bá sì jẹ́ búlúù, kí ó jẹ́ àwọ̀ ewé, kí ó sì dúró níbẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zachariah Ọlọ́rundáre.