Oṣù Tí Rédíò Rí Ṣáájú Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ojú tí gbogbo abà fi ń wo oṣù,

Òní ni ọdún ìtúnu ààwẹ̀. A ti kírun Yídì dé, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré yín lórí òkè níbí láti kọ̀wé sí yín. Iṣu tuntun ta dáadáa lọ́dún yìí, àyàfi àwọn tí ọ̀bọ wú.

Mo ní ìròyìn tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín: rédíò ti ń sọ̀rọ̀ ketekete nínú ahéré yín. Kì í ṣe ariwo bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú iyanrìn tí ẹ fi máa ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo ra wáyà gígùn wá láti Ṣakí, mo gun igi òrí ẹ̀yìn ahéré, mo so ó mọ́ ẹ̀ka tó ga jù, mo sì fa ìdí rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Bàbá Ràfíù, aládùúgbò oko yín, kì í pa ìròyìn ìrọ̀lẹ́ jẹ mọ́. Orí awọ àgùntàn tí ẹ fi máa ń kírun ló máa ń jókòó sí. Inú kọ́kọ́ bí mi, ṣùgbọ́n mo rò ó pé ó sàn ju kí ikán jẹ ẹ́ lọ.

Ṣé ẹ rántí bí rédíò náà ṣe dé? Owó oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbà nídìí iṣẹ́ tíṣà ní Tẹ̀dé ni mo fi rà á. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ dá wà lórí òkè, pé ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ láyé kí ẹ má gbọ́ títí di ọjọ́ ọjà. Ẹ wò ó, ẹ ní kí lẹ fẹ́ fi àlejò tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́ tẹni ṣe. Òkè kò tiẹ̀ jẹ́ kí ohùn wọlé. Mo gbé e ka orí odó, mo gbé e sórí òrùlé, mo ń gbé e káàkiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ibì kan ṣoṣo ló ti sọ̀rọ̀: orí àpáta tí ẹ ti máa ń wo oṣù.

Àpáta yẹn! Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé bí ààwẹ̀ bá ti pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ ó gùn ún ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ará abà ó sì dúró nísàlẹ̀, tọmọdé tàgbà. Ẹ kì í pariwo. Bí ẹ bá rí oṣù, ẹ ó ṣí fìlà, ẹ ó nà án sókè, ariwo ayọ̀ ó sì sọ. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, a ó sì gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé rédíò tẹ̀ lé yín lọ síbẹ̀. Ìkùukùu bo ìwọ̀ oòrùn. Ẹ ti ṣí fìlà yín mọ́wọ́, ẹ ń retí kí ojú ọ̀run là díẹ̀. Rédíò ní wọ́n ti rí i ní Sókótó. Bàbá mi, mi ò wojú yín. Mi ò sọ fún yín ná. Mo kígbe sí àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé, "Wọ́n ti rí i o! Ọ̀la lọdún!" Wọ́n hó yèè, wọ́n sì túká. Kí n tó yíjú padà, ẹ ti dé fìlà yín.

Ẹ kò bá mi wí. Ẹ kàn ní, "Ojú tèmi ò rí i." Ẹ gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin nìkan. Mo gbé iyán ọdún wá fún yín, ẹ fi abọ́ dé e, ẹ sì jẹ ẹ́ ní tútù nígbà tí oòrùn wọ̀. Ó dùn mí, ojú sì tì mí. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n mo ń sún un di ọjọ́ tí a ó tún jọ gun àpáta. Ẹni tó kánjú lórí àpáta ló wá ń fẹsẹ̀ falẹ̀ nídìí ẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni ẹ papò dà.

Kí ló dùn yín gan-an? Ṣé pé mo gba rédíò gbọ́ ni, àbí pé mi ò dúró dè yín? Ṣé ẹ ti dárí jì mí kí ẹ tó lọ?

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ra wáyà. Mo fẹ́ kí rédíò ní ibi tirẹ̀, kí àpáta sì ṣẹ́kù fún yín.

Nírọ̀lẹ́ àná, gbogbo ará abà kóra jọ síwájú rédíò. Èmi nìkan ni mo gun àpáta. Òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́. Mo rí i, Bàbá mi, ó tín-ín-rín bí èékánná ọmọ tuntun. Igbe ti dé ọ̀fun mi, mo sì ti ṣí ìborùn mi mọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò pariwo, mi ò sì na nǹkan kan sókè. Mo dúró, mo ń retí fìlà yín, títí oṣù fi wọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó kánjú, tó sì fẹ́ràn yín.