Ilẹ̀kùn Tí Ń Ṣí Sínú

Èmi, káfíńtà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Onílẹ̀kùn, tí ìyá mi sọ ní orúkọ kan tó gùn ju pákó lọ, tí kò sì sẹ́ni tó pè é mọ́ láti ọjọ́ tí ìyá náà ti papòdà, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Làákàyè mi pé. Ọwọ́ mi nìkan ló ń gbọ̀n, nítorí náà bí lẹ́tà kan bá wọ́, ẹ má dá ọpọlọ mi lẹ́bi.

Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ tíṣà, àti àbúrò mi Páànù tó ń kan òrùlé, ni mo yàn láti mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣẹ. Kí Tíṣà kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má fo nǹkan kan. Páànù, jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ kò fẹ́ ìdúró pípẹ́.

1. Ilé mi tó wà létí pápá, àti ṣọ́ọ̀bù tó lẹ̀ mọ́ ọn, mo fi wọ́n fún ọmọkùnrin mi awakọ̀. Àmọ́ kò gbọdọ̀ dí yàrá abẹ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, tí a máa ń sá sí bí ìjì bá dé. Mo ti gbọ́ pé ó fẹ́ kó yẹ̀pẹ̀ kún un kó lè ríbi gbé ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ lè sùn níta.

Ilẹ̀ wa tẹ́jú pẹrẹsẹ. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń rí òjò tó ń rọ̀ ní ìlú tí n kò dé rí. Lọ́sàn-án, bí oorun bá ń kùn mí, koríko á máa lọ, á máa bọ̀, títí á fi dà bíi pé koríko ló dúró, tí ilé wa sì ń rìn lọ jẹ́jẹ́. Ó máa ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní òkè tó lè dá ìjì dúró, ọ̀dọ̀ wa náà ló máa já sí.

2. Ohun tó wà nínú yàrá abẹ́lẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ìdílé, kí ẹnikẹ́ni má pín in: kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà, tọ́ọ̀ṣì méjì, rédíò kékeré, fèrè, okùn, àpótí oògùn, àti ìwé ilé tí mo fi ọ̀rá wé. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lóṣooṣù. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì, kó má baà jò sínú rẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. N kì í pa òwe yẹn níwájú Páànù.

Ìyá yín ló wọn yàrá náà. N kò rí téèpù mi lọ́jọ́ yẹn, ló bá dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó ní kí n da eérú yí òun ká. Ó tẹ́ ẹ̀yin ọmọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ẹ sì sùn lọ nínú oòrùn. Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní ibẹ̀ ni ti Páànù. Mo bi í pé ibo ni tèmi. Ó ní èmi á wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an. Títí dòní, bí mo bá lá àlá rẹ̀, inú eérú yẹn ló máa ń wà, tó ń rẹ́rìn-ín.

3. Ajá mi di ti Tíṣà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ìjì ń bọ̀. Bó bá wọ abẹ́ tábìlì láìsí ẹni tó lù ú, ẹ má béèrè ìdí, ẹ kó àwọn ọmọ wọlé. Àwọn adìẹ jẹ́ ti ẹni tó bá lè mú wọn.

4. Ayùn mi, òòlù mi àti gbogbo irinṣẹ́ yòókù jẹ́ ti Páànù. Ìdajì wọn ti wà nílé rẹ̀ tipẹ́, ó ní òun yá wọn ni.

Nígbà tí mo ń gbẹ́ yàrá náà, Páànù dúró lókè, ó bi mí níwájú àwọn oníbàárà mi bóyá sàréè ara mi ni mò ń gbẹ́ sílẹ̀. Mo gbá a létí. Láti ọjọ́ náà ló ti yọ “ẹ” kúrò lẹ́nu. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, tí mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó ń pè mí ní “ìwọ” lójú títì! Inú bí mi gan-an.

5. Ilẹ̀kùn yàrá abẹ́lẹ̀. Mo kàn án kó máa ṣí sínú, nítorí bí igi bá wó sórí àtẹ̀gùn, ẹni tó wà nínú kò ní lè tì í síta. Kí ẹ sọ irin ìdábùú rẹ̀ kalẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, kó má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́.

Ọ̀sán ni ìjì yẹn dé. Ojú ọ̀run dúdú bí ewé tó gbó, gbogbo nǹkan sì dákẹ́ bí ìgbà téèyàn wà nísàlẹ̀ omi. A ti wọlé, mo ti dábùú ilẹ̀kùn. Páànù, o sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, o ń lù ú, o ń ké pé, “Ṣílẹ̀kùn! Ṣílẹ̀kùn!” O ti sọ fún gbogbo ayé pé ariwo ìjì ni kò jẹ́ kí n tètè gbọ́.

Mo gbọ́. Mo di irin náà mú, mò ń dúró kí o sọ pé, “Ẹ ṣílẹ̀kùn.” “Ẹ” kan ṣoṣo ni mò ń dúró dè. Ibi tí mo ti ń dúró ni páànù òrùlé kan ti ṣí kúrò lórí ilé mi, tó já lé ọ lẹ́sẹ̀. Ìyàwó mi ló gbé ọmọ sílẹ̀, tó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ṣílẹ̀kùn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Láti ọjọ́ náà ni “ẹ” ti padà sẹ́nu rẹ. Lọ́dọọdún lo máa ń wá dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn, pé mo gba ẹ̀mí rẹ là. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń gba ọ̀wọ̀ tí kò tọ́ sí mi. Ojú tì mí láti sọ ọ́ lójú rẹ. Ojo ni mí.

6. Bí àbúrò mi bá gbọ́ èyí tó sì dìde, tó ní òun kò mú ìwé kankan ṣẹ, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró, kí ẹ má sì fi ikú mi bẹ̀ ẹ́. Irinṣẹ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Àyè rẹ̀ nínú yàrá abẹ́lẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Páànù, ẹ̀yin nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dárí jì mí.

Mo buwọ́ lù ú ní ṣọ́ọ̀bù mi, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Bàbá Onílẹ̀kùn, káfíńtà

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n rí mi bí mo ti ń buwọ́ lù ú, tí wọn kò sì ka inú rẹ̀:
Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn wa
Aránṣọ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà