Orílẹ̀-èdè Mẹ́ta Nínú Ilé Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ yín? Ara wa le níbí, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń dùn ún bó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ.

Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ ti dé, àbúrò rẹ obìnrin ló kà á fún wa. Wọ́n ní kí òbí sọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nílé ìwé girama. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè kan ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn òbí rẹ̀ nìkan, èkejì ń kọ́ ọ ní ti gbogbo ayé kó lè máa béèrè ìbéèrè, ẹ̀kẹta ò kọ́ ọ lẹ́sìn kankan, ìwà rere nìkan ni. Wọ́n wá ní ká fi ara wa sípò òbí ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ká tó dáhùn. Ta ló fẹ́ san owó ọkọ̀ òfuurufú yẹn? Ni a bá pín ilé. Yàrá di orílẹ̀-èdè kìíní, pálọ̀ di èkejì, ilé ìdáná di ẹ̀kẹta.

Èmi mú yàrá, mò ń gbàdúrà mi jẹ́jẹ́. Bàbá rẹ dúró ní pálọ̀, ó ń bi mí látẹnu ọ̀nà pé kí ni mo ń rí tí mo bá dijú. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tó ti fẹ́ mi, kò bi mí rí. Inú bí mi, mo ní kó má wọ orílẹ̀-èdè mi mọ́ láìní ìwé ìrìnnà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi sùn sórí àga, a ò bára wa sọ̀rọ̀, àbúrò rẹ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ẹ̀sìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ń sunkún lẹ́nu ibodè yàrá àti pálọ̀.

Ebi ló kó wa pàdé nílé ìdáná. Mo ti múra ìjà, àmọ́ bàbá rẹ kí mi kú iṣẹ́, ó fọ abọ́ tirẹ̀, ó sì fọ tèmi. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó ní òfin orílẹ̀-èdè ilé ìdáná lòun ń tẹ̀ lé, ìwà rere nìkan. Ojú tì mí, mo wá dá a lóhùn pé orúnkún rẹ̀ ni mo máa ń rí tí mo bá dijú. Ó ti àpótí ìjókòó kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sọ́dọ̀ mi, òun sì dúró.

Bá wa bẹ ọ̀gá rẹ kó má tíì béèrè fọ́ọ̀mù náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra àpótí kejì. Ẹni tí yóò bá ọ gbé yóò máa bi ọ́ ní ìbéèrè, yóò sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Èmi ni ìyá rẹ, láti ilé ìdáná.