Eékún Tí Kò Wọ Inú Fóònù

Sí Zubaidah Àpèkẹ́, ọmọ mi tó ń kàwé ní Jámánì,

Jọ̀ọ́, má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí ẹ. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún kìn-ín-ní nílé ìwé àgbà ní Ìyànà Ọ̀fà, kí ni mo mọ̀ tí mo fẹ́ kọ sí ẹni tó wà ní yunifásítì? Ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, fojú fò ó, má fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pọ̀ jù? Ṣé ò ń rí oúnjẹ tí inú rẹ gbà jẹ? Ọlọ́hun tó mú ọ kọjá òkun ò ní fi ọ́ sílẹ̀ sọ́hùn-ún.

Dáadáa ni gbogbo wa wà. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ, àbúrò rẹ Fàdìlàt sì ti yege ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, yunifásítì ló kù. Ọ̀rọ̀ Fàdìlàt yìí gan-an ló mú mi kọ̀wé.

Lọ́jọ́ Iléyá tí o pè wá lórí fóònù tí a ti ń rí ojú ara ẹni, Bàbá Sàníù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ló gbé fóònù dání. O kí wọn dáadáa, o ní wọ́n á ṣe púpọ̀ láyé, ṣùgbọ́n orí àti ọrùn rẹ nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n dorí fóònù kodò, wọ́n tiẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọn ò rí eékún. Níbi tí wọ́n ti ń wá a ni ọmọ Kòríà tí ẹ jọ ń gbé yàrá ti kọjá lẹ́yìn rẹ. Bó ṣe rí irùngbọ̀n funfun wọn, ó tẹ̀ ba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí kan eékún, ó tún un ṣe. Wọ́n ní ọmọ ta nìyẹn, wọ́n sì ń ṣàdúà fún un títí dátà fi tán.

Ni wọ́n bá yíjú sí mi: "Ìyá Zubaidah, ọmọ Kòríà ló kí mi. Ọmọ tiwa ò kí mi." Wọ́n ní tó bá jẹ́ ohun tí ilé ìwé ọ̀nà jíjìn ń sọ ọmọ dà nìyẹn, Fàdìlàt ò lọ ibì kankan mọ́, kó máa bá mi yan gàrí. Ẹ̀rù bà mí, mo búra pé o kúnlẹ̀. Mo ní fóònù wa ló kéré, eékún rẹ ò rí ibi wọ̀ ni, ó ṣẹ́kù sí Jámánì. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá pè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i.

Mi ò gbàgbé ohun tó o sọ fún mi, pé nígbà tó o kọ́kọ́ dé, o kúnlẹ̀ kí obìnrin tó ń kọ́ yín, ó rò pé nǹkan rẹ ló bọ́ sílẹ̀, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń bá ọ wá a lábẹ́ tábìlì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ sì rẹ́rìn-ín. O ní látìgbà náà, ṣe lò ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Mi ò bá ọ wí. Bí wọ́n bá ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀ ni kó o máa kí wọn. Ṣùgbọ́n tó o bá ti pe ilé, ilé lo wọ̀ yẹn.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Nígbà tí fóònù fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ Iléyá yẹn, èmi tí mo dúró lẹ́yìn Bàbá rí pílò. Ṣé o kúnlẹ̀, àbí o dùbúlẹ̀? Bó ṣe eékún kan ṣoṣo náà ni, jẹ́ kí n mọ̀, torí mo ti búra.

Tówó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, kí n ra fóònù tó gùn, tó máa gbà ọ́ láti orí dé eékún. Fàdìlàt ní kò dìgbà náà, pé kó o ṣáà gbé tìẹ jìnnà síra rẹ. Mi ò mọ èyí tó jóòótọ́, ṣe méjèèjì. Bá mi kí ọmọ Kòríà yẹn. Ní kó má tíì tẹríba lọ́jọ́ Jímọ̀ náà títí wàá fi kúnlẹ̀ tán.

Ọlọ́hun á gbé ọ níyì lójú àwọn tí ò mọlé rẹ. Ìwé tí ò ń kà á yé ọ, tèmi náà á yé mi.

Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ìwé yìí. Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Wándé, ló máa fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dijú tí wọ́n bá ń yà á, wọ́n sì gbà. Tó o bá kà á tán, pa á rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́, o kúnlẹ̀.

Ìyá rẹ,
Mùjíbátù