Àga Bàbá Báyọ̀ Nínú Yìnyín Altona

Láoyè ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí níbẹ̀ yẹn? Wọ́n ní nígbà tí ìwọ bá ń fọ ẹnu, àwa níbí, nílé ẹ̀gbọ́n rẹ ní Jámánì, ti jẹun ọ̀sán, nítorí náà bí mo bá kí ọ káàárọ̀, ìwọ kí mi kú ọ̀sán, kí ìkíni má baà ṣìnà lórí òkun. Ọlọ́run tó mú ọ la òtútù èṣí já yóò mú ọ la ti ọdún yìí náà já. Etí rẹ kò ní re sílẹ̀ bí ewé. Imú rẹ kò ní di òkúta. Ṣe àmín, kí o sì ṣe é kó dún.

Ìyá rẹ kí ọ láti ilé. Ó ní ewúrẹ́ tí o ní ká máa sìn fún ọ ti bí ìbejì, òun sì ti ta ọ̀kan, nítorí pé ìwọ kò sí nílé láti sọ pé kí òun má tà á. Mo bá a wí lórí fóònù, ó ní kí n dákẹ́, mo sì dákẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Àṣàkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ kò dára níbẹ̀ rárá. O bi mí pé ṣé ara mi le, mo ní ó le díẹ̀, orúnkún ló kù, o kò tilẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tí ajá ń lé. Àṣàkẹ́ ní ohùn tí o ti ká sílẹ̀ ni, pé kì í gbọ́ èsì. Mo ní èyí tó wà láàyè gan-an, ìgbà wo ló ń gbọ́.

Mo wo gbogbo àwòrán Ṣikágò tí o kó ránṣẹ́. Mo rí odò tí wọ́n pa láró di àwọ̀ ewé nítorí ọdún wọn kan, mo sì ń ronú ta ni yóò fún un, níbo ni wọn yóò sì sá a sí. Mo rí ère irin ràgàjì onídígí tí ẹ ń pè ní ẹ̀wà, tí ẹ ń lọ wo ojú yín nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ pé ìdì igi mélòó ni wọ́n fi sè é. Mo rí písà yín tó jìn bí abọ́ ìfọṣọ, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́ ni tàbí wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti àga inú yìnyín. O ní bí yìnyín bá bọ́ ní Ṣikágò, tí ẹnì kan bá kó o kúrò lójú àyè tó ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí, yóò gbé ògbólógbòó àga síbẹ̀ kó tó jáde lọ, ẹlòmíràn kò sì ní gba àyè náà títí yóò fi padà. Inú mi dùn. Mo ní àṣé àwọn èèyàn ọmọ mi mọ ààlè í pa, èmi tí mo ti ń rò pé àárín àwọn tí kò mọ nǹkan kan lo ń gbé. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ lo sì fà á.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Báyọ̀ ọkọ Àṣàkẹ́ gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ kan ní Tempelhof, ní Berlin, ìrọ̀lẹ́ ni yóò sì padà dé. Ní àdúgbò Altona tí a wà yìí, àyè tí èèyàn lè gbé mọ́tò sí ṣọ̀wọ́n bí imí eégún. Alaalẹ́ ni Báyọ̀ ń yí àdúgbò ká bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Yìnyín sì bọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Àánú ọmọ ọlọ́mọ ṣe mí. Mo wọ aṣọ òtútù mẹ́ta léra wọn, mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá ojú ibi tó ti gbé mọ́tò kúrò títí ilẹ̀ fi hàn. Mo wá wọlé wá àga. O ní ògbólógbòó ni wọ́n ń lò, gbogbo àga ilé ló sì jẹ́ tuntun, àfi ọ̀kan tó wà ní bàkónì, tí apá rẹ̀ ti họ. Mo gbé e. Kí àṣìṣe má baà wà, mo wá àkísà pupa so mọ́ ọn, mo ta á ní kókó dáadáa, bí mo ti máa ń ṣe sí igi ìdáná mi lóko. Ní ọ̀dọ̀ wa, ta ni yóò rí ìyẹn tí kò ní yà?

Mo jókòó sójú fèrèsé kí n máa wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Jonas dé, ọmọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń gbé lókè wa. Ó yí àga náà ká, mo ní ẹ̀rù ti bà á. Ó fọwọ́ kan àkísà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé àga lé èjìká. Kí n tó rí bàtà wọ̀, ó ti gòkè lọ.

Nígbà tí Àṣàkẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, mo rò fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní níhìn-ín, nǹkan tí èèyàn kò bá fẹ́ mọ́ ló ń gbé síta, kí ẹni tó bá wù mú un lọ́fẹ̀ẹ́, Zu verschenken ni wọ́n ń pè é. Ó ní àga nìkan, wọn ì bá ṣì rò ó wò, ṣùgbọ́n àkísà pupa tí mo ta ní kókó yẹn, ṣe ló dà bí ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Ohun tí mo fi ń lé wọn ni mo fi ń pè wọ́n. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bàbá Báyọ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan àga náà. Nígbà tó kú, Báyọ̀ fi ọkọ̀ òkun gbé e wá, láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó jókòó lé e, Báyọ̀ pàápàá kò jókòó lé e.

Báyọ̀ dé, ó gbọ́, ó jáde lọ sí bàkónì, ó wo ojú ibi tí àga ti kúrò. Ó padà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kò sí wàhálà, Bàbá. Ó wá ní iyán kò wu òun jẹ. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí, ẹni tó bá bú mi ni mo mọ bí mo ti ń bú. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn fi ń dá ìdọ̀bálẹ̀ àna lóhùn?

Nígbà tí wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, mo gòkè. Òórùn ọ̀dà ló júwe ilé Jonas fún mi. Ó ṣílẹ̀kùn, mo sì rí àga náà láàárín ilé lórí pépà, ó ti kùn ún ní yẹ́lò bí ìyeyè tó pọ́n, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò gbọ́ Jámánì, kò gbọ́ Yorùbá. Mo bá pinnu láti dógò tì í bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe sí ajẹgbèsè, pé kí n jókòó sílé rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ mi yóò fi sú u. Mo jókòó, mo fajúro. Ó bu kọfí fún mi, mo fajúro mu ún. Ó gé kéèkì fún mi, mo fajúro jẹ ẹ́, ológò kì í kọ oúnjẹ. Ọmọ yìí ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé àlejò dé bá òun.

Ó wá gbé àwo orin kan sórí ẹ̀rọ ìkọrin rẹ̀, ó nàka sí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn páálí àwo náà, ó ní Ṣikágò. Ìyẹn yé mi. Mo na ìka sí àyà mi, mo fọwọ́ júwe bí o ti ga tó, èmi náà ní Ṣikágò. Bàbá arúgbó kan ló ń kọrin pẹ̀lú gìtá. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń rojọ́ ilé fún Ọlọ́run, tí kò sì kánjú. Mo ní bí irú ohùn yìí bá wà nílùú tí ọmọ mi ń gbé, kì í ṣe àárín irin àti dígí nìkan ló wà. Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀dà ló ń ta mí lójú.

Ibẹ̀ ni Àṣàkẹ́ bá wa nírọ̀lẹ́. Bó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àga fún Jonas ní Jámánì, ojú ọmọ náà pọ́n bí ẹyìn. Òun fúnra rẹ̀ di ẹsẹ̀ àga mú, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá síwájú Báyọ̀, ó sì dorí kodò. Báyọ̀ wo àga títí. N kò lè wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò. Ó wá ní láti ọjọ́ tí bàbá òun ti lọ, àga yìí kò ní bàbá tó jókòó lé e. Ó ní, Bàbá, ẹ jókòó.

Jonas na ọwọ́, ó ń sọ nǹkan wàràwàrà. Àṣàkẹ́ ní ó ní ọ̀dà kò tíì gbẹ. Èmi náà mọ̀ pé kò tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n kí àna ní kí n jókòó sáyè bàbá rẹ̀, kí n wá máa wo ọ̀dà? Mo jókòó dáadáa, mo fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo dìde, Báyọ̀ wo ẹ̀yìn mi, ẹ̀rín pa á débi pé ògiri ló gbá mú, ó sì jẹ iyán ọjọ́ náà lájẹtúnbù.

Nítorí náà, fi owó ṣòkòtò ránṣẹ́, nítorí ṣòkòtò òfì mi ti ní òṣùpá yẹ́lò méjì lẹ́yìn, Àṣàkẹ́ sì ti fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Fi owó bùbá kún un, ẹ̀yìn rẹ̀ náà kò ṣeé wò mọ́. Má sì tún fi àṣà ìlú yín hàn mí láìsọ ìlú tí mo ti lè lò ó.

Ẹni ire yóò bá ọ pàdé níbẹ̀ yẹn. Ìwọ náà yóò darúgbó, ìwọ náà yóò ní àna, àna náà yóò ní kí o jókòó, ọ̀dà ìbáà gbẹ, ìbáà má gbẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèníyì