Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Kúrò Nídìí Ìwòsàn

Ilé Kẹtàdínlógún, Àjà Kejì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá àwọn ìbejì ńkọ́? Àwọn ìbejì fúnra wọn ńkọ́, ṣé eyín wọn ti hù tán? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ níjọ́sí, ṣé ó ti jẹ́ kó o sinmi? Ara tèmi le, ọkàn ni kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. O rántí pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ òsì wọn, tí wọn ò lè ránṣọ mọ́, inú géèmù tí gbogbo wa jọ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń rí ìtura. Àwọn ni olùwòsàn ikọ̀ wa. Bí àwa bá kọjú sí ẹranko abàmì, wọ́n á dúró lẹ́yìn, wọ́n á máa ṣọ́ ìlà ẹ̀mí oníkálukú. Bí ti ẹnì kan bá ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀mí onítọ̀hún á padà. Ọwọ́ kan tó iṣẹ́ yẹn ṣe.

Lóṣù tó kọjá, àwọn tó ni géèmù yí i padà. Olùwòsàn ò gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn mọ́. Àfi kó máa sáré, kó máa jà. Ìgbà tó bá kọlu ọ̀tá ni ìwòsàn tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe di iṣẹ́ ọwọ́ méjì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbọ̀nwọ́ òsì tẹ bọ́tìnnì, wọ́n tiẹ̀ fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀meje la kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó bú wọn, ìyẹn gan-an ló burú. "Kò sí wàhálà" ni gbogbo wa ń sọ ṣáá.

Lọ́jọ́ kejì, Dẹ́rẹ́bà tó jẹ́ olórí ikọ̀ pè mí. Ó ní, "Ìwọ ni àbúrò wọn. Bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ olùwòsàn sílẹ̀ fún ẹlòmíì." Mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ, mo ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bí ọmọ tó fọ́ àwo. Wọ́n wojú mi.

"Ta ni yóò gbà á?"

Mo ní èmi ni.

"Ó dáa. Ọwọ́ tìẹ yá." Wọ́n sì pa kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe olùwòsàn, a ṣẹ́gun. Gbogbo ikọ̀ ń yìn mí, ariwo wọn gba yàrá kan. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O gbìyànjú," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ẹni tó ń pariwo lò ń wò. Ẹni tó bá dákẹ́ ni kó o máa ṣọ́, òun ló ń kú lọ."

Wọ́n padà sí yàrá wọn. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé, wọn ò sọ ju "káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ fún mi. Mo ti sọ fún Dẹ́rẹ́bà pé mi ò ṣe mọ́, ìyẹn náà ò mú wọn sọ̀rọ̀.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Má dárúkọ géèmù rárá. Bi wọ́n bí èèyàn ṣe ń tú etí aṣọ ọmọ tó ti ń dàgbà, kó o sì jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ títí yóò fi sú wọn. Bí wọn ò bá gbé fóònù, tún pè wọ́n.

Bá mi kí ìyá àwọn ìbejì, kó o gbé àwọn ọmọ méjèèjì mọ́ra fún mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Kúkúrú.